Bí Mo Ṣe Gba Fótò Ìbejì Kúrò Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo ti borí. Kí n tó kí yín dáadáa, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí jáde kó má bàa sé mi láyà: mo ti borí ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá. Wọ́n ti yọ fótò mi kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n ti kọ ọ́ kí gbogbo ayé kà á pé àwọn ṣe àṣìṣe, wọ́n sì ti kó owó lé mi lọ́wọ́. Èmi Sámú, tí wọ́n lé kúrò ní prámárì torí owó ìwé. Ó yá, mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n wá dọ̀bálẹ̀ báyìí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín, Màmá. Mo kí Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ṣé wọ́n ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ yẹn ra á? Mo kí Bùrọ̀dá Délé tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ yín, ibi tí mo bá ti yin ara mi lẹ máa fẹ́ fò. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí gbogbo ẹni tó ní kámẹ́rà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó gbọ́ ohun tó fojú mi rí. Ẹ̀yin náà, Bùrọ̀dá, mo gbọ́ pé ẹ ti ra fóònù tó ń ya fótò, ẹ sì ti ń kó ojú àwọn ẹgbẹ́ akọrin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra o. Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

Ọyẹ́ ti dé sí Bùàké níbí. Eruku ti bo gíláàsì ojú sítúdíò mi, tí mo bá nù ún láàárọ̀, tó bá máa fi di ọ̀sán, ó ti tún pọ́n. Ètè gbogbo èèyàn ti là. Ogun ò tíì parí, kò sì jà mọ́. Ìlú wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀, ìjọba wà lọ́hùn-ún ní Àbíjáàn, bárààjì, ibi tí sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró, ló wà láàárín. Báńkì ti pa, ilé ẹjọ́ ti pa, adájọ́ ti sá lọ. Ṣùgbọ́n iná ń tàn, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè owó iná. Èèyàn ṣì ń bímọ, wọ́n ṣì ń gbéyàwó, torí náà èmi náà ṣì ń jẹun. Àwọn sójà gan-an fẹ́ràn fótò ju oúnjẹ lọ. Gbogbo ọ̀gá wọn ni mo ti yà, pẹ̀lú ìbọn, láìsí ìbọn, lórí alùpùpù. Kò sí bárààjì tí mo dé tí wọn ò ní ní, "Ànàgó fótò, máa lọ." Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ẹ má rò pé irọ́ ni.

Ìgbà tó máa ń burú ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, tí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń mú fótò yín jáde, èyí tí mo yà nígbà tí mo wálé, tí ẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti wò ó títí ojú ẹ̀yin náà fi fẹ́ máa bú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fótò mìíràn ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa níbí, ọmọ ìlú wa ni, ó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà. Ìyá Ìbejì la ń pè é. Obìnrin méjì ló bí, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí ọsibítù ṣófo tí àwọn dókítà ti sá, ibà mú Táíwò, kò sì sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Ọmọ náà lọ. Ẹ mọ̀ pé láyé àwọn ìyá yín, ère ni wọ́n máa gbẹ́ fún un. Àwa onígbàgbọ́ níbí ò gbẹ́ ère mọ́, fótò là ń yà. Ìyá Ìbejì mú Kẹ́hìndé wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun ya àwọn ọmọ òun méjèèjì. Mo mọ ohun tó ń sọ. Iṣẹ́ àwa àgbà onífótò nìyẹn.

Mo gbé Kẹ́hìndé jókòó sí apá òsì bẹ́ǹṣì, mo yà á. Mo ní kó sún sí apá ọ̀tún, mo tún yà á. Nínú yàrá dúdú tí mo ti ń fọ fótò, mo so méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Màmá, ẹ lè fi awò wò ó, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọmọ méjì, bùbá kan náà, bẹ́ǹṣì kan. Ohun kan ṣoṣo ni pé Kẹ́hìndé ti ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fi báńdéèjì di orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Mo ní kí wọ́n tú u kí fótò lè dára, ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, egbò náà ṣì tutù. Nígbà tí mo gbé fótò náà fún un, kò sunkún. Ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Wọ́n pé." Ó sanwó, ó lọ.

Ó wá ṣe, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí sí ẹ̀gbẹ́ sítúdíò mi ní àdúgbò Kòkó níbí. Síbẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń bójú tó o, ọmọ Yorùbá ni, ibí ni wọ́n bí i sí. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é, Dẹ́fínì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìwé òfin ló ń kà ní yunifásítì kí ogun tó tú wọn ká. Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹni ń rìn lórí òkúta, tó bá ti kọsẹ̀, yóò bọ́ sí Faransé. Mo ní kó bá mi ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé onífótò wà ní Bùàké. Mo kó àwọn fótò mi tó dára jù fún un. Nígbà tó kan fótò ìbejì, ó bi mí bóyá àwọn tó ni ín gbà. Mo ní èmi ni mo yà á, ta ló tún wá ni ín? Ó gbé e síbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí. Ẹnì kan kọ̀wé láti Kánádà pé iṣẹ́ mi mọ́. Mo ń rìn bí ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì wà nídìí abọ́ rẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Parí ló ń pè. Ọkùnrin náà ti ń sunkún kí wọ́n tó gbé fóònù. Ó ní ẹni yòówù tó bá gbé fóònù yìí, kó bá òun kí mọ̀lẹ́bí kú ọ̀fọ̀, òun rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ogun ti pa ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní, "Èmi gan-an ni mò ń gbọ́ yìí o." Fóònù kú. Ó pè é padà, kò gbé e. Ó tún pè, ìyàwó ọkùnrin náà ló gbé e, ó ní kí òkú yìí jọ̀ọ́ fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀, àwọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ìgbà tí ọkọ Ìyá Ìbejì gba fóònù, tó sì fi orúkọ tí wọ́n fi ń bú àbúrò rẹ̀ ní kékeré bú u, ni wọ́n tó gbà pé èèyàn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní fótò àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, àwọn ìbejì lórí bẹ́ǹṣì, báńdéèjì ní orúnkún.

Màmá, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò mi, kò wọlé. Ó ní, "Sámú, o ti sọ mí dòkú."

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Dẹ́fínì. Dẹ́fínì wá a títí ó fi rí i. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ni, wọ́n ní ọ́fíìsì níbí ní Bùàké pàápàá, wọ́n máa ń pín ìrẹsì. Fótò mi ló wà lójú ewé wọn, gbàgàdà, láìsí orúkọ mi. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé ọmọ òrukàn ni àwọn ọmọ méjèèjì yìí, ogun ti pa bàbá, ó ti pa ìyá, ẹ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè jẹun. Dẹ́fínì ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì béèrè pé ta ni wọ́n ń bọ́? Ó nawọ́ sí èyí tó wà lápá òsì. Táíwò nìyẹn, lójú tirẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń fi òkú ọmọ mi tọrọ owó." Ó dìde, ó lọ.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwa ọmọ ìlú. Kí ìsìn ọjọ́ Sunday tó parí, wọ́n ti ní mo ti ta ọmọ wọn fún òyìnbó. Àwọn obìnrin tò wá sí sítúdíò mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kálukú ń ní kí n yọ fótò òun kúrò lójú wíńdò. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó ń dín àkàrà ní ọ̀nà Béoumi, dúró wo tirẹ̀, ó ní, "Sámú, tèmi ńkọ́, èló lo tà á? Imú mi yìí tóbi, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wíńdò mi ṣófo bí ẹnu arúgbó. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ìpàdé, ààrẹ wa ní títí fótò yẹn á fi kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ tuntun tàbí ìyàwó tuntun wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní mi ò tà á. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n pé mi ò tà á. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ohun tí kò ṣe han èèyàn? Bí mo ṣe wà yìí, gbogbo ohun tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ ń lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Dẹ́fínì. Mo fẹ́ lọ fọ́ ọ́fíìsì wọn, mo ní àwọn ọmọ ogun tí mo mọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa sọ. Ó ní kí n jókòó. Ó ní tí mo bá mú ìbọn lọ, èmi ni olè, wọ́n á sì di ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ó ní ogun ti ilé ẹjọ́ níbí pa, kò ti òfin pa. Ẹgbẹ́ yẹn ní ilé ní Faransé, òfin ibẹ̀ sì ń wò wọ́n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á fún mi. Ó ní ẹni tó ya fótò ló ni ín, kò dìgbà tó bá kọ orúkọ sí i, kò dìgbà tó bá sanwó fún ìjọba. Gbígbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe fífún èèyàn. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń ka owó. Ó wá wò mí. "Tọ́ńtọ́n," ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbí, "ẹ̀yin lẹ ni fótò. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ojú."

Mo bá a jà. Mo ní iná tèmi, fíìmù tèmi, bẹ́ǹṣì tèmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ? Ó ní ojú ọmọdé wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ títí yóò fi dàgbà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e síta fún ayé, ó gbọ́dọ̀ béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn ò béèrè lọ́wọ́ mi, wọn ò béèrè lọ́wọ́ ìyá, wọ́n tún wá purọ́ mọ́ ọn. Èmi náà ò béèrè. Tí a bá fẹ́ bá wọn ṣẹjọ́, ìyá gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mi, torí tí wọ́n bá bi mí léèrè ta ló fún mi láyè, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìyá Ìbejì ò fẹ́ rí mi. Mo rán pásítọ̀, ó dá pásítọ̀ padà. Mo bá lọ fúnra mi, mo ra abọ́ tí mi ò nílò lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ títí ọjà fi ń tú. Ó wá ní òun máa fọwọ́ sí i tí mo bá kọ́kọ́ yọ fótò náà kúrò lójú ewé tèmi. Ó dùn mí o. Kánádà ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni mo fi ń jẹun: mo ní kí Dẹ́fínì kọ́kọ́ tẹ ojú ewé tèmi sórí ìwé, kí ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ hàn, kó tẹ tiwọn náà, kí ayé rí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà mo yọ ọ́. Dẹ́fínì ní òun náà fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, a jọ sọ ọ́.

Ó ní ìwé tí a tẹ̀ nìkan ò tó, wọ́n lè ní àwa la ṣe é fúnra wa. A nílò wísíyè. Ẹ̀yin ò ní irú rẹ̀ nílé. Akọ̀wé òfin ni. Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí tó sì kọ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní bi í pé ṣé lóòótọ́ ni. Kò sí wísíyè kankan tó kù ní Bùàké, gbogbo wọn ti sá lọ sí apá ìjọba. Ìyẹn ni pé a ní láti kọjá sí Yàmùsúkúrò. Mo di fíìmù fótò ìbejì náà sínú ike, mo fi pamọ́ sáàárín aṣọ, torí sójà kì í fẹ́ràn ohun tí kò bá mọ̀.

Gbogbo bárààjì ló ń kí mi, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tú ẹrù mi, ó fa fíìmù jáde, ó ní amí ni mí. Mo ní kó gbé e sókè sí oòrùn kó wò ó. Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó wá fi Jùlá, èdè tí wọ́n ń sọ lọ́jà níbí, bi mí pé kí ló dé tí ọmọ kan ṣoṣo fi jókòó lẹ́ẹ̀mejì? Mo ṣàlàyé fún un bí àwa Ànàgó ṣe ń ṣe fún ìbejì tó bá lọ. Ó ká fíìmù náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi bí ẹni ń gbé ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti borí. Tí sójà tí kò mọ̀ mí bá rí i, ta ni kò ní rí i?

Wísíyè ṣí ojú ewé wọn níwájú wa, ó wò ó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Owó rẹ̀ gbóná, ẹ má bi mí.

Nígbà tí a padà dé, a lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo wọ kóòtù. Mo ní kí Ìyá Ìbejì àti Kẹ́hìndé dúró níta ná lábẹ́ igi, mo ti mọ bí mo ṣe fẹ́ ta á. Ọ̀gá wọn, òyìnbó gbọọrọ kan tó ń làágùn nínú ọyẹ́, ní kí a jókòó. Dẹ́fínì ló ń túmọ̀. Ọ̀gá ní fótò wo? Mo fi hàn án. Ó ní àwọn ènìyàn àwọn ló yà á, ní abúlé kan lọ́nà Botro. Mo ní ó dáa. Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ó ní àwọn ń tọ́jú wọn dáadáa. Mo ní méjèèjì? Ó ní méjèèjì. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bi í pé kí ló ṣe orúnkún wọn. Ó ní wọ́n ṣubú, àwọn ọmọdé máa ń ṣubú.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìbejì wo ló ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, lórí orúnkún kan náà, tí wọ́n fi báńdéèjì kan náà dì wọ́n?"

Dẹ́fínì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè túmọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Mo gbé fíìmù sórí tábìlì. Mo ní kó gbé e sí iná. Mo pe Ìyá Ìbejì wọlé. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mú, ọmọ náà ti ga. Mo ní òkú tí ẹ kọ nípa rẹ̀ nìyí, ẹ kí i.

Ọ̀gá náà pọ́n. Ó wá yí ohùn padà, kò sọ̀rọ̀ Botro mọ́. Ó ní àwọn tó ń ṣe ojú ewé wọn ní Parí ló rí fótò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ò sí níbẹ̀, ohun tó bá sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni. Mo bi í pé iṣu tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Marabadiassa, tí gbogbo mọ́tò ń kọjá lára rẹ̀, ṣé kò ní olóko? Dẹ́fínì rọra gbé ìwé wísíyè síwájú rẹ̀. Ó fi Faransé bá a sọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "tribínà", ilé ẹjọ́ nìyẹn, àti "Parí", mo sì rí ojú ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà Ìyá Ìbejì sọ tirẹ̀ ní Jùlá, kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun ò kọ̀ kí wọ́n fún ọmọ òrukàn lóúnjẹ, ìlú yìí kún fún wọn. Kí wọ́n lọ ya àwọn yẹn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó yà wọ́n.

Wọ́n pe Parí níṣojú wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fótò ti kúrò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn bẹ̀bẹ̀, pé òbí ọmọ náà wà láàyè, pé èmi ni mo ya fótò. Orúkọ mi, Màmá. Dẹ́fínì tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín wíńdò mi tó ṣófo. Ààrẹ ẹgbẹ́ wá kà á pẹ̀lú awò lójú. Alákàrà wá, ó ní òun fẹ́ kí imú òun padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, kó tó di pé mo gbé kámẹ́rà sókè, mo máa ń béèrè: ojú wíńdò ni, íńtánẹ́ẹ̀tì ni, àbí inú àpótí yín? Bí wọ́n bá ṣe wí ni mo ń ṣe, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé. Tó bá jẹ́ ọmọdé, bàbá tàbí ìyá ló ń fọwọ́ sí i. Kò sí onífótò mìíràn ní Bùàké tó ń ṣe é, wọ́n sì ti ń wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Bùrọ̀dá Délé, ẹ lọ bi àwọn akọrin wọ̀nyẹn léèrè. Tí ẹnì kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ má bá a jà. Bí ẹ bá sì rí fótò níbì kan tó wù yín, ẹ wá ẹni tó ni ín. Ẹ má rò pé kò lólóko.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì ni wọ́n gbà láti san. Mo fẹ́ pín in sí méjì, ìdajì fún onífótò, ìdajì fún ojú. Ìyá Ìbejì ní kí n ka àwọn tó wà nínú fótò. Mo ní ọmọ kan ni mo yà, Kẹ́hìndé ni, òfin ò mọ Táíwò. Ó ní, "Ìwọ lo yà wọ́n ní méjì, Sámú. Nígbà tí mo sanwó, ti méjì ni mo san." Òótọ́ ni. Ti méjì ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wo Dẹ́fínì kó gbà mí, ó ń wo fóònù rẹ̀. Bí a ṣe pín in sí mẹ́ta nìyẹn: èmi, Kẹ́hìndé, Táíwò. Èmi tó ń tan ọ̀gá sójà, obìnrin alábọ́ ló mú mi.

Ìpín méjì péré ni wọ́n ti san. Ìyá Ìbejì gba ti Kẹ́hìndé. Mo yára mú tèmi torí owó ọkọ̀ àti owó wísíyè, mo sì ti ń ronú páànù òrùlé yín. Ó wò mí bí mo ṣe ń kà á, ó ní ó dáa, òkú ló ń dúró, ó ti mọ́ ọn lára. Mo gba bírò lọ́wọ́ Dẹ́fínì, mo kọ ọ́ pé tí àwọn òyìnbó ò bá san èyí tó kù, èmi ni mo máa san án. Torí náà, ìdajì páànù ni mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé yìí. Ẹ kọ́kọ́ fi bo yàrá Bàbá.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Kó fún yín lẹ́mìí gígùn, kí ẹsẹ̀ Bàbá tún máa rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ilé wa má dàrú lẹ́yìn mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àgbà àti ọmọdé, ẹ kí pásítọ̀, ẹ kí àwọn tó ń béèrè mi àti àwọn tí kò béèrè. Ẹ sọ fún wọn pé ara mi le, orúkọ mi sì ti padà sójú wíńdò.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámú, onífótò Bùàké.

Ohun tó kù tí wọn ò tíì san ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún fráǹkì, ti Táíwò ni. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìyá rẹ̀ kí ọjọ́ Àjíǹde tó mọ́.